Òkú Méjì Nínú Àwòrán, Èrò Rẹpẹtẹ Lẹ́yìn Gíláàsì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí òkú méjì kan ò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ má sá o, òkú inú àwòrán ni. Ẹni tó bá ti wo eré tẹlifíṣàn Killing Eve dé apá kejì, èyí tó jáde ní 2019, á ti mọ ibi tí mò ń lọ: Villanelle, obìnrin tí wọ́n ń sanwó fún kó pa èèyàn, ń rìn kiri nínú mùsíọ́mù Rijksmuseum ní Amsterdam, gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ ń sú u, àfi ìgbà tó dé iwájú àwòrán kan tí ojú ẹ̀ là kedere. Ọkùnrin méjì ni wọ́n so rọ̀ sórí igi nínú àwòrán yẹn, níhòòhò, ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀, wọ́n ti la inú wọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn, nínú ìpín kan náà, Villanelle ti so ọkùnrin kan rọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú fèrèsé ilé aṣẹ́wó, ó wọ gáùn píńkì, ó fi ìbòjú ẹlẹ́dẹ̀ bojú, ó sì la inú ọkùnrin yẹn.

Pé mo rí i pé wọ́n jọra ò jẹ́ nǹkan kan. Eré náà fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ fi àwòrán hàn wá kó tó fi òkú hàn wá. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ti iye. Méjì ló wà lórí igi nínú àwòrán, ẹyọ kan ni Villanelle so rọ̀. Ẹ sì mọ irú èèyàn tí Villanelle jẹ́ ṣá, ẹni tó jẹ́ pé aṣọ tó máa fi pa èèyàn gan-an, ó ti ronú sí i, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa da àwòrán kọ tó máa gbàgbé ìdajì ẹ̀? Mo ń fọ abọ́, mò ń rò ó. Mo wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mò ń rò ó. Ta ló ni àyè kejì?

## Ẹni tó lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ́wọ̀n

Òkú àwọn arákùnrin De Witt ni wọ́n ń pe àwòrán náà, Jan de Baen ni wọ́n gbà pé ó yà á, láàárín 1672 sí 1675. Cornelis ni ẹ̀gbọ́n, Johan ni àbúrò. Jan de Baen yìí kan náà ló ti ya Cornelis nígbà tó wà láyé, tó wọṣọ tó dáa, tó dúró bí èèyàn pàtàkì. Johan ní tiẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ rárá, láti 1653 lòun gan-an ti ń tukọ̀ ilẹ̀ àwọn Dutch, kò jọba, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá sọ labẹ́ gé. Ó tún mọ ìṣirò débi pé ó kọ̀wé lórí bí ìjọba ṣe lè ṣírò owó tí wọ́n á máa san fún èèyàn lọ́dọọdún títí tẹ́ni náà á fi kú. Ìgbà tó wá di 1672, Faransé gbógun dé, Gẹ̀ẹ́sì gbógun dé, bíṣọ́ọ̀bù Münster àti ti Cologne náà ò gbẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ dojú rú. Àwọn Dutch ṣì ń pe ọdún yẹn ní ọdún àjálù, wọ́n ní aráàlú ò ní làákàyè mọ́, ìjọba ò mọ èyí tí wọ́n máa ṣe, ilẹ̀ ò sì ní olùgbàlà. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹni tí wọ́n máa di ẹrù ọ̀ràn lé lórí.

Wọ́n fẹ̀sùn kan Cornelis pé ó fẹ́ kí wọ́n pa William, ọmọ ọba ilé Orange. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́ kó lè jẹ́wọ́, kò jẹ́wọ́, wọ́n wá ní kó fìlú sílẹ̀. Ní August 20, Johan lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Gevangenpoort ní The Hague, kò délé mọ́. Èrò ti yí ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ká, wọ́n wọ́ àwọn méjèèjì síta, wọ́n pa wọ́n, wọ́n so òkú wọn rọ̀, wọ́n wá ń gé ẹ̀yà ara wọn lọ sílé. Ahọ́n ọ̀kan àti ìka ọ̀kan ṣì wà nínú mùsíọ́mù kan ní The Hague di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní Spinoza, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹn, tóun náà ń gbé The Hague nígbà náà, fẹ́ lọ lẹ ìwé mọ́ ibi tí wọ́n ti pa wọ́n, ìwé tó máa pe àwọn tó ṣe é ní ẹhànnà, onílé ẹ̀ ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí wọ́n má bàa pa òun náà mọ́ wọn. (Irú onílé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n o, tiwa, tówó ilé bá ti pé, tiẹ̀ ti tán.)

Ibi tí mo kà á dé nìyẹn tí àyè kejì bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Wọn ò rán Johan lẹ́wọ̀n. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà níbẹ̀. Villanelle sì fi káàdì tó ní àwòrán yìí ránṣẹ́ sí Eve, obìnrin tó ń lépa ẹ̀ nínú eré náà. Láyé àwọn baba wa, tẹ́nì kan bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n dojú kọra tó fi ránṣẹ́ sí ẹ, o ò ní máa bi ìránṣẹ́ pé kí ni, o ti mọ̀ pé ojú ẹ ló ń wá. Àrokò ni káàdì yẹn jẹ́. Èmi rèé lórí igi, ìwọ náà máa bọ̀. Àyè tó ṣófo nínú fèrèsé yẹn, ti Eve ni, kò sì wá. Jess, tóun àti Eve jọ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n rán lọ sí Amsterdam dípò ẹ̀, ẹ wá wo bí Villanelle ṣe bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan dùn ún. Ẹni tí ò bá mọ ìtàn àwọn De Witt á rò pé ó kàn ń bínú pé Eve ò wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi, àmọ́ Eve tí wọ́n ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, àwa tá a jókòó sílé lọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

## Èrò dà?

Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn fúngbà díẹ̀. Àmọ́ àwọn Rijksmuseum ti gbé àwọn àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn lè máa fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí táá fi máa rí ojú ọ̀dà, mo wá ń fẹ èyí lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ. Ohun tí mò ń wá ni èrò. Mo ti ka ìtàn tán, mo mọ̀ pé èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé àwọn ṣọ́jà ìlú wà láàárín wọn, mo fẹ́ rí ojú wọn. Kò sí wọn. Òkùnkùn ni, òkú méjì, igi, àti ọkùnrin kan lápá ọ̀tún tó gbé ògùṣọ̀ dání. Ó tán. Àwọn tó ṣe é ti lọ sílé, tàbí kí n sọ pé ayàwòrán ti lé gbogbo wọn jáde, ó ku ẹni tó gbé iná àti ẹni tó ń wo àwòrán.

Mo wá padà sórí eré, mo dá a dúró níbi tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí nǹkan nígbà tí mò ń wò ó, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi ìta hàn. Àwọn èèyàn dúró lẹ́yìn gíláàsì. Àwọn tó wá ṣe fàájì ládùúgbò iná pupa, ìyẹn àdúgbò àwọn aṣẹ́wó, wọ́n ń wo èèyàn tí wọ́n ń pa, wọ́n rò pé eré ni, pé ara ohun tí wọ́n fi ń pe oníbàárà ni. Mo jókòó, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ.

Torí èrò náà nìyí. Èrò The Hague tí wọn ò jẹ́ kó wọnú àwòrán, eré tẹlifíṣàn ti wá kó wọn padà dé, ó kàn pa aṣọ wọn dà ni, wọn ò mú ọ̀bẹ wá mọ́, ojú ni wọ́n mú wá. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè mi ti yí padà. Òkú tó jọra ni gbogbo wa ń wò, ara ẹlẹ́sẹ̀ òkè ni gbogbo wa ń fi wéra, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí eré yẹn fi kún àwòrán ló ṣe pàtàkì ju ohun tó dà kọ lọ. Èmi ò sọ pé Emerald Fennell tó jẹ́ olórí àwọn tó kọ apá yẹn jókòó, ó rò ó báyìí. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kó dẹ́rù bani kó sì pani lẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ló wà lójú ẹ̀rọ, gíláàsì kan wà láàárín àwọn tọ̀hún àti òkú, gíláàsì mìíràn wà láàárín àwa àti àwọn, pọ́fù-pọ́ọ̀fù wà lọ́wọ́ wa, a ní eré yìí mà dùn o.

## Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀

Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyí: screenshot eré lápá òsì, àwòrán ayé àtijọ́ lápá ọ̀tún, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ̀ ẹ̀ pé ṣé ẹ rí i? Mo máa ń gbádùn ẹ̀, mi ò ní parọ́, ó ti jẹ dátà mi dáadáa. Àmọ́ ó ti ń di àṣejù. Ẹnì kan sùn sínú omi, wọ́n ní Ophelia, ọmọbìnrin tó kú sómi nínú eré Shakespeare, ni. Èèyàn méjì fi aṣọ bojú, wọ́n ní àwòrán Magritte ni. Tí wọ́n bá wá gbé tábìlì gígùn kan síbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, tí gbogbo èèyàn jókòó sápá kan, áà, Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Da Vinci yà ti dé!

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run nínú wọn. Ẹ gbọ́ ná, kí ló dé tí wọ́n fi máa ń jókòó sápá kan tábìlì nínú eré? Torí kámẹ́rà ni. Ẹni tó bá jókòó sápá kejì á kẹ̀yìn sí wa, a ò ní rí ojú ẹ̀, ẹni tó bá ti ṣe eré orí ìtàgé rí mọ èyí. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí Da Vinci fúnra ẹ̀ tò wọ́n bẹ́ẹ̀ láàárín 1495 sí 1498, torí ara ògiri yàrá ìjẹun àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Milan ló yà á sí, ó fẹ́ kí àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ rí ojú Jésù àti tàwọn ọmọ ẹ̀yìn. Nítorí náà, tábìlì nìkan ò tó ẹ̀rí. Ohun tó jẹ́ ti Da Vinci gan-an ni ibi tó fi Júdásì sí. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ṣáájú ẹ̀ máa ń dá Júdásì jókòó sódìkejì tábìlì, kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n. Da Vinci ló gbé e sáàárín àwọn yòókù, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, àpò owó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tí síríìsì Lost àti Battlestar Galactica to àwọn òṣèré wọn sídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ fún fọ́tò tí wọ́n fi polówó, eré tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ wọn nìyẹn: ta ni wọ́n gbé sí àyè Júdásì? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, torí ó mú wa padà sínú ìtàn. Tábìlì tí ò ní Júdásì, oúnjẹ lásán ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀.

Ẹ tún wo ìbẹ̀rẹ̀ síríìsì Desperate Housewives, ó kéré sí ìṣẹ́jú kan, àwòrán tó wà nínú ẹ̀ ò lóǹkà. Ti ayàwòrán Van Eyck wà níbẹ̀, èyí tó yà ní 1434, ọkùnrin kan àti ìyàwó ẹ̀ di ara wọn lọ́wọ́ mú nínú yàrá, gbogbo nǹkan tò, gbogbo nǹkan mọ́. Nínú eré, ọkùnrin yẹn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, ó ju èèpo sílẹ̀, ìyàwó tó rí bí ẹni tó lóyún gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá a. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni, àmọ́ ó ti bá àwòrán yẹn jà: ó ní ta ló ń tún yàrá yẹn ṣe tó fi mọ́ tónítóní láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ?

## Ọpọlọ tó wà lójú ọ̀run

Síríìsì Westworld tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ wíwá nǹkan tó fara pamọ́ yìí sẹ́nu òṣèré. Ní ìparí apá kìíní, ní 2016, Ford, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ tó jọ èèyàn, ń fi àwòrán Michelangelo han Dolores, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ náà, èyí tí Ọlọ́run ti na ìka sí Ádámù, ó ní ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún kí ẹnì kan tó rí i pé aṣọ tó yí Ọlọ́run ká jọ ọpọlọ èèyàn. Òótọ́ ni pé ẹnì kan rí i. Dókítà ni, ará Amẹ́ríkà, Frank Lynn Meshberger, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1990. Michelangelo sì ti ya àwọn àwòrán àjà ṣọ́ọ̀ṣì Sistine, níbi tí èyí wà, tán ní 1512.

Ṣé Michelangelo fi ọpọlọ síbẹ̀? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Dókítà tó mọ bí ọpọlọ ṣe rí máa rí ọpọlọ, bíríkìlà ì bá ti sọ pé irin tó fi ń rẹ́lé ló rí. Àmọ́ Westworld ò nílò kó jẹ́ òótọ́. Ohun tó nílò ni kí ẹ̀rọ tó ní ojú èèyàn gbọ́ lẹ́nu ẹni tó dá a pé ẹ̀bùn tí wọ́n ní Ọlọ́run fún èèyàn yẹn, inú orí èèyàn fúnra ẹ̀ ló ti wá. Àwòrán yẹn ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn, ibi tí mò ń lọ nìyẹn láti àárọ̀.

Èyí tó wá kó mi lójú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni síríìsì Ripley, ti 2024, torí ìrísí èèyàn kọ́ ló yá lò. Dúdú àti funfun ni gbogbo ìpín mẹ́jọ̀ọ̀jọ, Robert Elswit ló di kámẹ́rà mú, ẹni tó yá nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ sì ni Caravaggio, ayàwòrán tó pa Ranuccio Tomassoni ní Rome ní 1606 tó sì sá lọ. Tom Ripley náà pa èèyàn, òun náà ń sá kiri Ítálì, ó ń dúró níwájú àwọn iṣẹ́ Caravaggio nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ẹbí ẹ̀ ló ń bẹ̀ wò. Ìgbà tó fi máa di ìpín tó gbẹ̀yìn, wọ́n gbé Caravaggio fúnra ẹ̀ wọlé. Àmọ́ kó tó débẹ̀ rárá, ìmọ́lẹ̀ ti sọ fún wa. Iná ń wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, ìdajì ojú mọ́lẹ̀, ìdajì yòókù kò sí. O ò lè screenshot ìyẹn kó o gbé e ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kankan pàtó, bó o bá gbìyànjú ẹ̀, wọ́n á ní kò jọ ọ́. Ó sì sún mọ́ Caravaggio ju gbogbo àwọn tó jọ ọ́ lọ.

## Kí Tutu yí ọrùn

Ìbéèrè tó kù fún mi ni tilé. Tẹ́nì kan tó ń ṣe síríìsì l'Ékòó bá fẹ́ ṣe irú nǹkan yìí, àwòrán wo ló máa mú tí ìyá àgbà tó wà ní pálọ̀ á fi pariwo láìjẹ́ pé ẹnì kankan ṣàlàyé fún un? Èmi mọ ọ̀kan. Tutu. Ayàwòrán Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ló yà á nígbà tó wà n'Ífẹ̀, Adétutù Adémilúyì ló jókòó fún un, ọmọbìnrin láti ìdílé ọba. Ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ nínú ẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ lóríṣiríṣi ilé ní Nàìjíríà nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ ojú ẹ̀ ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó wé gèlè, ó yí ọrùn, ó ń fẹ̀gbẹ́ ojú wo nǹkan kan tí ayàwòrán ò fi hàn wá.

Mẹ́ta ni Enwonwu yà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di àwátì. Ó di 2017 kí wọ́n tó rí èyí tó yà ní 1974 nínú fúláàtì kan ní London, àwọn tó ni ilé ò mọ ohun tó wà lára ògiri wọn, àwọn Bonhams tó ń ta nǹkan ní gbàǹjo sì tà á lóṣù kejì 2018 ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan páùn. Nígbà tí wọ́n ń tà á, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí méjì yòókù wà.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá lójú. Ọmọbìnrin kan lọ sí London, wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́, ìyá ẹ̀ ń gbààwẹ̀, bàbá ẹ̀ ti dákẹ́. Ìpín tó ṣìkẹ́yìn, kámẹ́rà wọ fúláàtì kan, ó bá a lórí àga, ó wé gèlè torí pé òde kan wà tó fẹ́ lọ, ẹnì kan pe orúkọ ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó yí ọrùn. Ẹ̀yin olùdarí, tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òṣèré kankan sọ pé ó jọ Tutu. Ẹ kàn jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀. Àwa tá a mọ̀ ọ́n á bẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n á ní ọmọ yìí mà rẹwà o, tàwọn náà dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi máa wò ní tèmi ni ibi tó ń fẹ̀gbẹ́ ojú wò yẹn. Enwonwu ò fi hàn wá. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu ẹni tó dúró síbẹ̀.